Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Rélùwéè Sínú Sinimá, àti Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Fíìmù Bẹ́ẹ̀ Ṣègbé

Rélùwéè kò gba Isundunrin, ní agbègbè Èjìgbò, kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ láti ibẹ̀, sí Ìwó, Ẹdẹ tàbí Òṣogbo ló máa ń lọ. Èkó ni ìjọba àmúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin náà ní 1896. Ó wọ Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Nígbà tí irin ti wọ Ìbàdàn ṣùgbọ́n tí kò tíì dé Òṣogbo ni sinimá dé: ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, wọ́n fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará Èkó ní Gbọ̀ngàn Glover. Ìran kan náà ló rí nǹkan méjèèjì.

Síbẹ̀, ó rọrùn fún ọmọ Isundunrin lónìí láti wo rélùwéè tó ń sáré ní New York ní 1897 lórí fóònù rẹ̀ ju kó rí èyí tó kọ́kọ́ wọ Òṣogbo lọ. Kì í ṣe pé ọkọ̀ tiwọn dára ju tiwa lọ. Bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ló fà á, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kámẹ́rà. Ọ̀já gígùn ni fíìmù, fọ́tò kéékèèké ló sì tò lé ara wọn lórí rẹ̀. Kámẹ́rà á fa ọ̀já náà wá, á dá a dúró díẹ̀, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á dí i, á sì tún fà á lọ. Nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, nǹkan bíi fọ́tò 16 ni ó sábà máa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ohùn dé, ó di 24. Bí wọ́n bá tún gbé fọ́tò wọ̀nyẹn sáré kọjá níwájú iná, ojú wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, a ó rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ń rìn. Ọwọ́ ni ayàwòrán ìgbà náà fi ń yí kámẹ́rà. Ẹ̀rọ náà wúwo, orí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta ló máa ń wà, kò sì lè sáré tẹ̀lé ohunkóhun.

Nítorí èyí, ohun tó máa ń wá fúnra rẹ̀ ni ayàwòrán ń wá. Ọjà máa ń kún, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tí ènìyàn máa gbà? Ẹṣin lè yà kúrò lójú ọ̀nà. Rélùwéè kò lè yà. Ó ní ojú irin tó ń tẹ̀lé, ó ní àkókò tó ń dé, ó tóbi, ó sì ń tú èéfín tó hàn kedere nínú fọ́tò dúdú àti funfun. Ayàwòrán á gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí etí ibi tí èrò ń dúró sí ní téṣàn, á sì kọjú rẹ̀ sí ojú irin ní ìdagun. Bó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an, ọkọ̀ á kàn gbà fìrì kọjá. Bó bá dagun, ọkọ̀ á yọ láti òkèèrè bí ohun kékeré, á máa tóbi sí i títí tí á fi gba gbogbo apá kan àwòrán náà. Bí àwọn ará ilé Lumière ní ilẹ̀ Faransé ṣe ya ọkọ̀ tó ń wọ téṣàn La Ciotat nìyẹn, fíìmù tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 lọ, tí wọ́n fi han gbogbo ènìyàn ní 1896. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ wò ó sá jáde torí wọ́n rò pé ọkọ̀ fẹ́ tẹ àwọn pa. Àwọn òpìtàn sinimá ti wá ẹ̀rí ìtàn yẹn títí, wọn kò rí èyí tó ṣeé gbára lé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Dípò kí ọkọ̀ máa bọ̀ wá bá kámẹ́rà, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ imú ọkọ̀. Iléeṣẹ́ Biograph ṣe é ní 1897, nígbà tí ọkọ̀ ń wọ ihò òkè Haverstraw ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹni tó ń wo fíìmù náà kò rí rélùwéè rárá. Irin méjì ló ń rí tó ń wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, òkùnkùn ihò, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Kò pẹ́ tí irú fíìmù yìí fi pọ̀. Ó tún rọrùn fún ayàwòrán, nítorí gbogbo ayé ń sáré níwájú kámẹ́rà tí kò kúrò lójú kan.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Hale, tó ti jẹ́ ọ̀gá panápaná nílùú Kansas City, rí ohun tí wọ́n lè fi èyí ṣe. Níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní St. Louis ní 1904, ó kọ́ yàrá sinimá ní àwòrán kóòṣì rélùwéè. Ẹni tó wọ aṣọ gáàdì ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Èrò á jókòó sórí àga tó kọjú síwájú, fíìmù tí wọ́n yà láti imú ọkọ̀ á hàn lórí aṣọ funfun níwájú wọn, ilẹ̀ yàrá á máa mì, ìró táyà irin àti fèrè á máa dún lábẹ́. Ẹni tí kò ní owó láti rìnrìn àjò dé àwọn òkè ńlá apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà lè wọ inú yàrá yìí kó sì jáde bí ẹni tó dé ibẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an.

Ní 1903, Edwin S. Porter, tó ń bá iléeṣẹ́ fíìmù Edison ṣiṣẹ́, gbé The Great Train Robbery jáde: ìtàn àwọn olè tó dá rélùwéè lọ́nà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, a wà nínú ọ́fíìsì téṣàn, a sì rí rélùwéè tó wá dúró lóde láti ojú fèrèsé. Inú yàrá tí wọ́n kọ́ fún fíìmù ni ọ́fíìsì náà wà, kò sí rélùwéè kankan nítòsí. Ohun tí Porter ṣe ni pé ó dí ibi fèrèsé lójú kámẹ́rà nígbà tó ń ya àwọn òṣèré, kí apá ibẹ̀ nínú fíìmù má rí ìmọ́lẹ̀. Ó yí ọ̀já náà padà sẹ́yìn, ó wá dí gbogbo ìyókù, ó ṣí ibi fèrèsé nìkan, ó sì ya rélùwéè gidi sí àlàfo náà. Àwòrán méjì pàdé lórí ọ̀já kan. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, bí ọ̀já bá yẹ̀ díẹ̀, fèrèsé àti ọkọ̀ kò ní bára mu. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún àwọn tó ń ya fíìmù lónìí, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é nígbà náà.

Buster Keaton kọ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń ya The General ní 1926. Ó mú ìtàn náà láti inú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Georgia ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun àríwá jí orí ọkọ̀ rélùwéè kan gbé tí àwọn ará gúúsù sì lé wọn. Nítòsí Cottage Grove ní Oregon, ó kọ́ afárá, ó dáná sun ún, ó sì jẹ́ kí orí ọkọ̀ gidi kan gun orí rẹ̀ kó sì já sínú odò. Kò sí àtúnṣe níbẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè yà á. Irin ọkọ̀ náà wà nínú odò títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n tó wá kó o lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun tí fíìmù bá sọ pé ó jẹ́ òtítọ́ ló máa ń jẹ́ òtítọ́. Ní 1924, John Ford gbé The Iron Horse jáde, nípa ojú irin tó so ìlà oòrùn Amẹ́ríkà mọ́ ìwọ̀ oòrùn, tí irin méjèèjì pàdé ní Utah ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869. Fíìmù náà ní orí ọkọ̀ méjèèjì tó pàdé lọ́jọ́ náà ni àwọn lò. Irọ́ ni. Wọ́n ti fọ́ ọkọ̀ méjèèjì yẹn tà ní àlòkù irin kó tó di 1910.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba ló mú kámẹ́rà lọ́wọ́. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1920, bẹ̀rẹ̀ sí í lo fíìmù láti kọ́ àwọn ènìyàn nípa àìsàn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka fíìmù fún àwọn ilẹ̀ àmúnisìn sílẹ̀ ní 1939, òun ló di ọ̀gá níbẹ̀. Mọ́tò sinimá á wọ abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, ẹnìkan á sì máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Sellers gbà pé ọmọ Áfíríkà kò lè tẹ̀ lé àwòrán tó bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà ó ní kí kámẹ́rà dúró pẹ́, kí wọ́n má sì ṣe ẹ̀tàn kankan. Ìwọ̀sí ni èrò yìí. Àwọn ènìyàn tó ń gbọ́ ìtàn ìjàpá láti kékeré, tí ìtàn fi ń fò láti ààfin dé inú igbó láàárín gbólóhùn méjì, kí ni kò ní yé wọn nínú fíìmù?

Nínú fíìmù àmúnisìn, ẹ̀bùn ìjọba ni rélùwéè sábà máa ń jẹ́. West Africa Calling, tí wọ́n yà ní 1927, fi rélùwéè, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì mú wá sínú igbó àti irà. Àwọn tó ru igi ìtẹ́lẹ̀ irin, àwọn tó la igbó fún un, wọn kì í ṣe ẹni tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, lábẹ́ Michael Imoudu, dara pọ̀ mọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ní 1945 nítorí oúnjẹ tó ti wọ́n, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ nípa irin náà. Ó yẹ kí ẹni tó ń wo fíìmù àtijọ́ máa bi ara rẹ̀ pé: ta ló san owó fíìmù yìí?

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tiwa àti tiwọn ti pínyà. Ọ̀já fíìmù ìgbà àkọ́kọ́, láti ara ohun tí wọ́n ń pè ní nitrate ni wọ́n ti ṣe é. Ó máa ń gbiná gidigidi, omi pàápàá kò lè pa á, nítorí afẹ́fẹ́ tí iná nílò wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sì jóná, á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù Amẹ́ríkà ìgbà náà ni kò sí mọ́. Òfin ló gba díẹ̀ là, láìmọ̀. Kó tó di 1912, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà kò mọ fíìmù, fọ́tò ló mọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ wá ń tẹ gbogbo fọ́tò inú fíìmù wọn sórí bébà gígùn, wọ́n á sì fi bébà náà sílẹ̀ ní Library of Congress gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Nitrate jẹrà, bébà dúró. Ní àwọn ọdún 1950, Kemp Niver àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya bébà wọ̀nyẹn padà sórí fíìmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan fọ́tò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rélùwéè Amẹ́ríkà ìgbà náà fi wà lórí fóònù lónìí.

Tiwa kò ní bébà. Fíìmù tó dé lẹ́yìn náà, acetate, kì í gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, méjèèjì ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, á sún kì, á ká kòlòkòlò, òórùn tó ń jáde lára ọ̀kan á sì ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nínú ilé tí ẹ̀ka fíìmù àmúnisìn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Ìkòyí l'Ékòó, onífíìmù kan tó ń jẹ́ Didi Cheeka rí agolo fíìmù tó kún yàrá tí wọ́n ti pa tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Shaihu Umar, fíìmù Adamu Halilu ti 1976 tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti ṣègbé, wà ní ibi ìpamọ́ iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018.

Bí wọ́n ṣe ń tún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe kò ṣòro láti yé ni, ó kàn ń gba àkókò. Wọ́n á fọ ọ̀já náà, wọ́n á lẹ ibi tó ya, wọ́n á tún àwọn ihò etí rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ á sì ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá tó ní ohùn ní fọ́tò 14,400.

Ẹnikẹ́ni ní agbègbè Èjìgbò tó bá ní agolo fíìmù nínú ilé, ì báà jẹ́ ti bàbá tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n kó bọ̀ láti Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ti mọ rélùwéè mìíràn, èyí tó ti Abidjan dé Ouagadougou ní 1954, kó má ṣe tú u. Kó má sì fi sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ibi tó tutù, tó gbẹ, tó jìnnà sí pánù òrùlé ló yẹ ẹ́. Bó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, kó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Fídíò tí àwọn èwe fi fóònù yà nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun ń fi rélùwéè gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo fún ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, òun náà ti di fíìmù àtijọ́. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Ohun kan sì wà tí ẹ̀rọ kò lè fi kún un, orúkọ. Ẹ gbé àwòrán náà síwájú àwọn àgbà tó ń wọ rélùwéè láti Ẹdẹ nígbà náà, kí wọ́n sọ téṣàn tó jẹ́, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàdì, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.