Ẹ̀fọ́ Tó Ń Rùn Bí Àtùpà: Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ṣe Ń Tọ́jú Àyíká Wọn

Bí àwọn iléeṣẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká, fọ́tò ni a sábà máa ń rí: àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan náà, wọ́n gbá ìgbálẹ̀ mú, ọ̀gá àgbà sì ń gbin igi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí bomi rin bó bá di ọjọ́ kejì. N kò bá fọ́tò jà. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kẹsàn-án báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń ka àwọn ìwé Yorùbá wa kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀rọ, kí àṣìṣe má baà bá wọn jáde. Ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé kò sí nínú fọ́tò kankan.

Ìlú ìwé ni Ìbàdàn. Láti ọdún 1949 tí Oxford University Press ti wá ṣí ẹ̀ka síbẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ìwé ti ń pọ̀ sí i, àwọn atẹ̀wé kéékèèké sì kún àdúgbò bíi Mọ́kọ́lá fọ́fọ́. Gbogbo wa la fẹ́ràn òórùn ìwé tuntun. Àwọn tó ń gbé nítòsí ilé ìtẹ̀wé nìkan ló mọ òórùn kejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tàdáwà tí a fi ń tẹ ìwé kì í ṣe olómi bíi ti inú gègé. Olóròóró ni, ó ki bí oyin, omi kò sì lè fọ̀ ọ́. Bí atẹ̀wé bá fẹ́ kúrò lórí àwọ̀ pupa bọ́ sórí àwọ̀ ìyeyè, dandan ni kó fọ gbogbo òpó rọ́bà tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pípọ́n ni gbogbo ìyeyè náà yóò máa pọ́n. Kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ń lò fún ìfọ̀ yìí. Ohun tó máa ń ti ara ẹ̀rọ ṣàn wálẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀. Ní tiwa, wọ́n á gbé e sínú ike, wọ́n á gbé ike lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á sì dà á sí gọ́tà. Gọ́tà náà já sínú odò kékeré kan tó ń gba ẹ̀yìn ọgbà wa kọjá.

Lẹ́bàá odò yẹn, nǹkan bí ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sísàlẹ̀, ni ìyá kan ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ yòkòtò. Odò náà ló fi ń bomi rin wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, ó wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ìdì ẹ̀fọ́ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn ọ̀gá yín, kí ni wọ́n ń dà sómi? Ẹ̀fọ́ mi ń rùn bí àtùpà." Ó fi ìdì méjèèjì sílẹ̀ pé kí a gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra wa. A gbọ́ ọ.

Èsì àkọ́kọ́ tó ti òkè wá ni pé kì í ṣe àwa nìkan. Òótọ́ ni. Àwọn mẹkáníìkì wà lókè odò tí wọ́n ń da ògbólógbòó ọ́ìlì sílẹ̀, ẹnìkan sì wà tó ń pa aṣọ láró. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́ ni mo ka irú èsì bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ni àgbà atẹ̀wé wa, ọkùnrin kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ, tí tọmọdé tàgbà iléeṣẹ́ ń pè ní Bàbá. Bàbá kò kọ lẹ́tà, kò sì pe ìpàdé. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó ní ìdérí ló béèrè fún.

Ọgbọ́n tó lò kò ṣòro. Gbogbo kẹrosíìnì tí wọ́n bá ti fi fọ ẹ̀rọ, inú kẹ́ẹ̀gì ni kó lọ. Wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìmì ín. Tàdáwà tó wà nínú rẹ̀ á rọra sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, òkè rẹ̀ á sì dá bí omi tíì. Wọ́n á rọra da ti òkè yìí sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn, òun ni wọ́n á sì fi ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́ nígbà mìíràn. Ìfọ̀ ìkẹyìn nìkan ló kù tí wọ́n ń lo kẹrosíìnì tuntun fún. Àkísà tí wọ́n fi nu ẹ̀rọ, wọ́n ń fún un gbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà, wọ́n sì ń kó o sínú garawa irin tó ní ìdérí, nítorí pé àkísà tó ti mu epo yó lè gbiná. Kò pé oṣù méjì tí akápò fi wá béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá wọn kò fọ ẹ̀rọ mọ́ ni, nítorí pé owó kẹrosíìnì ti lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ kó rí lójú rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mọ èyí: ìwé ìnáwó máa ń ṣílẹ̀kùn tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣí. Nígbà tí owó dísẹ́ẹ̀lì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ lọ́dún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló dábàá pé kí a kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá jọ sí wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí jẹnẹrétọ̀ lè sinmi fún ìyókù ọjọ́, kí ọ́fíìsì sì máa lo inverter. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bí a bá jó o tán, ń sọ nǹkan bíi kílò 2.7 afẹ́fẹ́ kábọ́nì sójú ọ̀run. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wa sì máa ń wọ yàrá àwọn ará ilé kejì tààrà kó tó dé ojú ọ̀run rárá.

Ti bébà ló dùn mọ́ mi jù. Bí a bá gé etí ìwé kí ó lè dọ́gba, àgékù tó ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀ gan-an. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwọn tó ń ra bébà àlòkù ń kó o lọ fún àwọn tó ń sọ ọ́ di tíṣù àti páálí. Àmọ́ àgékù mìíràn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó funfun, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń di ìwé wa pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn pọ̀ di ìwé àkọsílẹ̀ pélébé, wọ́n ń fi páálí tó ṣẹ́ kù ṣe èèpo ẹ̀yìn, a sì ń kó wọn lọ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní pléètì náà kì í ṣègbé. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ ṣe ìkòkò. Agbára tí ó ń gbà láti yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí ó ń gbà láti ṣe tuntun láti inú ilẹ̀ lọ, nítorí náà pléètì kan tí a kò jù nù kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán kò gba àríyànjiyàn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù, ìyá tó ń ta ìrẹsì ní iwájú iléeṣẹ́ wa, ní Ìbàdàn níbi tí òfin yẹn kò dé, ló béèrè ìdí tí àwa kò fi lè máa gbé abọ́ tiwa wá. Ó ní ẹni tó bá gbé abọ́ wá, òun á bu ṣíbí kan lé e. Ẹ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ ọ̀fadà, ewé eéran ló ń lò, èyí tó yẹ kí a ti máa lò látilẹ̀wá.

Ohun tó le ni gọ́tà àti odò, nítorí pé wọn kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé kó má fi ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní igba. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tún rọ̀, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Òjò ló rọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú omi àti ìdọ̀tí tí a dà sínú odò wà lára ohun tó sọ òjò di ikú. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ wa àti ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò pinnu pé ní Sátidé ìkẹyìn oṣù, a ó jọ máa kó ilẹ̀ inú gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé etí odò. Ọ̀rá omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kó. Ẹ̀kẹta rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí tí àwọn mẹkáníìkì wá. Bàbá ló lọ bá wọn, tòun ti kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́, ó sì fi bí wọ́n ṣe lè gba ọ́ìlì sílẹ̀ hàn wọ́n. Kò dá wọn lẹ́bi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn kan wà tó ń ra ọ́ìlì yìí o. Kí ló dé tí ẹ ń da owó nù?" Méjì nínú wọn ti ń gbà á sí dúrọ́ọ̀mù báyìí. Ẹ̀kẹta ń dà á sílẹ̀ síbẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kò ní olùrà. Ó ki, ó dúdú, kò ṣeé sun, kò sì ṣeé rì mọ́lẹ̀ nítorí àwọn kànga tó wà ní àdúgbò. Dúrọ́ọ̀mù méjì ti kún, ìkẹta ti dé ìdajì, gbogbo wọn sì wà ní ẹ̀yìn ilé lábẹ́ páànù, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ odò. Àwa òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé pé kí a mọ ògiri kékeré yí wọn ká, kí ohunkóhun tó bá jò má lè ṣàn lọ, kí iléeṣẹ́ sì wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ògiri náà, wọ́n ní lẹ́yìn oṣù kẹjọ ni owó rẹ̀ máa jáde. Bàbá ní òjò kì í dúró de owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó àpò yanrìn mẹ́rìnlá wá, wọ́n sì fi yí dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ti ń rán ọmọ rẹ̀ wá láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé láti wá wò wọ́n.