Ibi Tí Awakọ̀ Ti Ń Fi Owó Ara Rẹ̀ Jẹun

Bí àlejò bá sọ̀ ní Bódìjà n'Íbàdàn lọ́sàn-án gangan, tí ebi ń pa á, tó wá bi ọlọ́kadà pé ibo lòun ti lè rí àmàlà gidi jẹ, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́kadà ní, "Ẹ gun ọ̀kadà, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sí Skye." Báńkì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, tí Polaris sì bọ́ sípò rẹ̀. Àmọ́ ilé oúnjẹ tó wà nítòsí báńkì náà, tí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ fi orúkọ báńkì júwe fún ara wọn, Àmàlà Skye ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Bákan náà ni Ghana High ní Erékùṣù Èkó ṣe gba orúkọ lára ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ghana tó wà ládùúgbò ibẹ̀. Olóúnjẹ mìíràn ń jẹ́ orúkọ àkọ́bí rẹ̀, òmíràn ń jẹ́ orúkọ igi tó ń ṣíji bo ìkòkò rẹ̀, òmíràn ń jẹ́ orúkọ ìlú tó ti wá. Wọn kì í sábà sọ ara wọn lórúkọ. Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ wọn ló ń sọ wọ́n, ó sì lè pẹ́ gan-an kí pátákó tó dé, bó bá tiẹ̀ dé rárá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bi mí léèrè ibi tí òun ti lè jẹun ní ìlú tí kò mọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún un ni pé kó gbójú kúrò lára pátákó, kó béèrè orúkọ tí àdúgbò ń pe ìyá olóúnjẹ.

Búkà là ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, lẹ́nu àwọn Hausa la sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Àtíbàbà tàbí ahéré tí wọ́n fi koríko ṣe ni wọ́n ń pè ní bukka. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹlẹ́kọ, alákàrà, ọlọ́kà àti oníyán ti wà ní oríta àti lẹ́nu ọ̀nà ọjà, nítorí pé ẹni tó ń ná ọjà ìlú kejì kò lè di ọbẹ̀ dání. Iṣẹ́ oṣù ló wá sọ iṣẹ́ wọn di kòṣeémánìí. Nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, tí èbúté ń gbòòrò, tí ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló fi aya sílé wá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní owó lápò, wọn kò ní ààrò. Obìnrin tó bá mọ ọbẹ̀ í sè, tó sì rí abẹ́ igi kan dúró sí, ti ríṣẹ́ nìyẹn. Irú èèyàn kan náà ló ṣì ń gbé búkà ró dòní: ẹni tó kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò ní padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká dé ẹ̀yìn búkà kan láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí oníbàárà kò tíì pọ̀. Èlùbọ́ ti wà nínú ọpọ́n, wọ́n ti jọ̀ ọ́. Iṣu ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n fi í sínú omi náà mọ́jú, tí wọ́n sá a gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Bí òjò bá pa á níbi tí wọ́n sá a sí, yóò bu, òórùn náà kò sì ní fi àmàlà sílẹ̀ bó ti wù kí ọbẹ̀ dùn tó. Oníbúkà tó mọṣẹ́ máa ń bù ú sọ́wọ́ gbóòórùn kó tó sanwó fún ẹlẹ́lùbọ́. Omi hó. Obìnrin náà da èlùbọ́ sí i, ó fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò kó má baà yí, ó gba ọmọrogùn, ó ń rò ó. Kókó kọ́kọ́ yọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó fọ́ ọ, ó wọ́n omi sí i, ó dé e kó lè jinná, ó ṣí i, ó tún rò ó títí tó fi ń dán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti ń fi ìjábẹ̀ já ewédú tí wọ́n fi káún díẹ̀ sè, títí tó fi ń yọ̀ tó ń fà. Gbẹ̀gìrì ti wà lórí iná tipẹ́, ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́ pátápátá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pàdé ọbẹ̀ ata nínú àwo, tó di àbùlà, ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè má mọ̀ pé wákàtí márùn-ún ni wọ́n ti ń bá oúnjẹ náà jà. Apá tó ń ro ọkà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún yẹ fún ọ̀wọ̀ ju èyí tí à ń fún un lọ.

Ta wá ni kí àlejò bi? Àwọn kan á ní kó bi awakọ̀, torí awakọ̀ ló ń rìn jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó yẹ kéèyàn fura sí. Lójú márosẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀sì ńlá ti ń yà, ilé oúnjẹ mìíràn kì í gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá kó èrò wá fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀, ẹran tirẹ̀ sì máa ń tóbi. Èrò ọkọ̀ ló ń sanwó, èrò ọkọ̀ kò sì ní padà wá lọ́la, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ohun tó máa sọ. Mo ti jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí lójú ọ̀nà Èkó sí Benin: ìrẹsì àná tí wọ́n gbé kaná, ẹran tó le koko, owó rẹ̀ sì ju ti ìgboro lọ. Bí mo ṣe ń bá ẹran jà ni mo wòkè, mo rí awakọ̀ wa tó ń mu omi ọbẹ̀ tó ń fọwọ́ nu ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. Ohun tí mo ń bi awakọ̀ ni pé: "Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá kó èrò, ibo lẹ ti ń jẹun?" Ibi tó bá dárúkọ yìí, owó ara rẹ̀ ló ń ná níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ká lọ.

Tó bá jẹ́ ìgboro ni, àwọn mẹkáníìkì, bíríkìlà, télọ̀ àti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni kéèyàn tẹ̀ lé. Owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ló wà lápò púpọ̀ nínú wọn lójúmọ́, wọn kò lè fi dánra wò. Mo tún máa ń wo aago. Ibi tí wọ́n bá ti ń ha ìdí ìkòkò láago mẹ́ta ọ̀sán, ohun tí wọ́n sè láàárọ̀ ni wọ́n tà tán yẹn, kò sí ohun tó máa di ti ọ̀la. Olóúnjẹ tó ń se ọbẹ̀ mẹ́ta tó sì mọ̀ ọ́n sè dá mi lójú ju ẹni tó kọ ọbẹ̀ méjìlá sára ògiri. Ní búkà tó fìdí múlẹ̀, ìyá olóúnjẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó ti ìkòkò ẹran. Ó lè jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ bu àmàlà, kó gbowó, kó ṣan àwo. Ṣùgbọ́n òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yan ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́ àti ògúnfe fún oníbàárà, torí ìdí ìkòkò yẹn ni èrè àti orúkọ rẹ̀ wà.

Ohun tí ìlú ń jẹ náà ni kéèyàn béèrè. Àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ará Èkìtì àti Oǹdó gba apá àkọ́kọ́ gbọ́ tọkàntọkàn, ẹni tó bá sì dé Adó tó ń wá àmàlà kiri kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Ìjẹ̀bú ló ni ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà ṣe. Ìrẹsì Ọ̀fadà gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ewé eéran ló sì dára jù láti bù ú sí, torí pé òórùn ewé náà wà lára adùn rẹ̀. Ẹni tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé níbẹ̀.

Ilé ẹlẹ́mu ní tirẹ̀, ìbéèrè méjì ló gbà. Àkọ́kọ́ ni pé ìgbà wo ni wọ́n gbé e dé? Ẹmu kì í dúró de èèyàn. Bí adẹ́mu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, ó ń dùn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń kan, agbára rẹ̀ sì ti dé. Èkejì: ti ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀? Ẹlẹ́mu olóòótọ́ á sọ ọ́ láìrojú. Oyin àti kòkòrò wẹẹrẹ tó kú sójú ẹmu kì í ba ẹni tó mọ̀ ọ́n mu lẹ́rù. Èyí tí wọ́n bu omi là, tí wọ́n wá fi nǹkan mìíràn mú dùn, ló yẹ ká sá fún. Ìdí ẹmu kì í ṣe ibi ìmutípara lásán nílẹ̀ yìí. Irú àpéjọ àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó ló bí orin jùjú, tí Túndé King gbé sínú àwo ní 1936. Nígbà tó di 1949, tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde nílé iṣẹ́ Nigerian Breweries l'Ékòó, ilé ọtí onígò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò mọ́ akèrègbè lọ́wọ́, àmọ́ ìjókòó, àríyànjiyàn àti ẹran díndín ibẹ̀ kò yàtọ̀.

Búkà náà rí abánidíje. Ní 1986 ni ilé iṣẹ́ UAC ṣí ilé oúnjẹ ìgbàlódé tó ń jẹ́ Mr Bigg's, tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ta àmàlà àti ẹ̀bà. Àwọn ló yí padà sí búkà.

Ohun kan wà tí wọn kò lè yá lò lọ́wọ́ búkà, èyí ni àwìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé kò tíì dé, lébìrà tí ọ̀gá kò tíì san owó iṣẹ́ fún, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí owó oṣù, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé pélébé tí ìyá olóúnjẹ ń tọ́jú sábẹ́ aṣọ tábìlì. Kò gba ìwé ilé, kò béèrè onídùúró. Ojú ló fi ń mọni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, ìwé náà ti gùn sí i. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: èlùbọ́ wọ́n, gáàsì wọ́n, màlúù wọ́n. Ẹran kò tóbi tó tàtẹ̀yìnwá mọ́, ojú sì máa ń ti obìnrin tó ń gé e.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ ẹ rántí wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, bí wọ́n ṣe máa ń ṣí ìkòkò omi wò, tí gbogbo àdúgbò á sì máa gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi búkà sílẹ̀ láìbojú wò. Onígbáméjì tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lóṣù kẹfà ọdún 2024 tó láti rán wa létí pé omi tí kò mọ́ ń pani. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, owó ìwé ẹ̀rí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá sí búkà lóde òní ń bá wá, tàbí kátakátà tó wá wó àtíbàbà. Omi ẹ̀rọ kò bá wọn wá.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Bràsíìlì. Ní Salvador, ní Bahia, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ṣì ń din àkàrà lójú pópó, acarajé ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ Ọya tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀. Ní 2005, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2014 ń bọ̀, tí ìlànà FIFA fẹ́ lé wọn kúrò ní pápá Fonte Nova, wọ́n fẹ̀hónú hàn, FIFA sì gbà wọ́n láyè láti tajà níbẹ̀. Àkàrà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ti rí ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ìyá olóúnjẹ, ẹ fa omi dé ìtòsí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa yà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá jẹ àwìn lọ́dọ̀ olóúnjẹ kankan, ẹ lọ san án lónìí. Láàárọ̀ ọ̀la ló máa lọ ra èlùbọ́.