Wàhálà ìwé òfin eré l'Amẹ́ríkà: Ṣé ẹni tó tajà tún lè padà wá yí i pa dà lọ́wọ́ ẹni tó rà á?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn wa. Bẹ́ ẹ bá ra ìwé lọ́jà, tẹ́ ẹ gbé e délé, tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ṣé ẹni tó tà á fún yín tún lè wọlé lóru, kó ya ojú-ìwé mélòó kan dànù, kó wá lẹ òmíràn mọ́ ọn? Ẹ ó ní olè nìyẹn. Bó ṣe rí lára àwọn tó ń ṣeré Dungeons & Dragons nìyẹn lóṣù kẹjọ, ọdún 2024, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni eré náà l'Amẹ́ríkà fẹ́ẹ́ fi òfin tuntun rọ́pò èyí táwọn èèyàn ti fowó wọn rà. Ariwo tó tìdí ẹ̀ yọ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú eré tó jẹ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ayò. Àwọn èèyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí, òun lá máa sọ ìtàn: ẹ ti wọgbó o, iwin kan rèé tó dúró sójú ọ̀nà, kí lẹ fẹ́ẹ́ ṣe? Àwọn yòókù á dáhùn. Ẹnì kan á ní jagunjagun lòun, òun yọ idà. Ẹlòmíì á ní oṣó lòun, òun pe ọfọ̀. Wọ́n á wá ju dáìsì, ohun tí dáìsì bá sì sọ labẹ gé. Ẹni tó bá ti ka ìwé Fágúnwà rí á mọ irú ìtàn tá à ń wí.

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde, nílùú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Iléeṣẹ́ Wizards of the Coast ra àwọn tó kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1997, Hasbro tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé náà sì ra Wizards lọ́dún 1999. Látìgbà náà, owó ńlá ti wọ̀ ọ́.

Ìwé òfin ni wọ́n sì fi ń pa owó ọ̀hún. Lọ́dún 2014, wọ́n tẹ ẹ̀dà karùn-ún jáde. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún un ṣe. Player's Handbook, ìyẹn ìwé àwọn eléré, ló kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Dungeon Master's Guide, tó jẹ́ ti olùdarí, tẹ̀ lé e lóṣù kọkànlá. Monster Manual, tó to àwọn iwin àti ẹranko abàmì lẹ́sẹẹsẹ, jáde lóṣù kejì, ọdún 2025. Ojú-ìwé 384 ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n sì kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni dọ́là 49.99. Ẹni tó bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti ná bíi dọ́là 150 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí bí ọlọ́gbọ́n ṣe lè kọ òfin tó, àṣìṣe á yọjú. Ọfọ̀ oṣó kan wà nínú ìwé tuntun náà tí wọ́n ń pè ní Conjure Minor Elementals. Bí oṣó bá pè é, ó di pé gbogbo ìgbà tó bá kọlu ọ̀tá tó wà nítòsí ẹ̀, tó sì bà á, yóò fi dáìsì olójú mẹ́jọ méjì kún ìyà tó ń fi jẹ ẹ́. Ipele kẹrin lọfọ̀ yìí wà. Bí oṣó bá fi agbára tó ju ìyẹn lọ pè é, dáìsì méjì méjì ló ń fi kún un ní ipele kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi máa dé ipele kẹsàn-án, dáìsì ti di 12, ìyẹn sì lè tó 96 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tó ti wá burú ni pé oṣó yìí kan náà tún lè pe ọfọ̀ iná tó ń yọ mẹ́ta pa pọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bà, dáìsì 36 nìyẹn! Jagunjagun tó gbé idà dání á wá dà bí ẹni tó wá wòran. Ọ̀rẹ́ márùn-ún jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣeré.

Àwọn eléré rí i, wọ́n sì figbe ta. Iléeṣẹ́ náà gbọ́, wọ́n gbé àtúnṣe jáde lọ́fẹ̀ẹ́: dáìsì kan ni kí wọ́n máa fi kún un ní ipele kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì mọ́. Èyí tó jẹ́ 12 di 7, èyí tó jẹ́ 36 di 21. Ọ̀pọ̀ ló ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí láti ọdún 1979 ni ìwé ìròyìn wọn, Dragon, ti ní abala kan tí wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè lórí òfin eré náà.

Kí ló wá fa ìbínú oṣù kẹjọ? Ẹ wò ó, àwọn kan wà tí wọn ò ra ìwé alábala. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ra tiwọn, lójúlé kan tó ń jẹ́ D&D Beyond, tí Hasbro rà lọ́dún 2022. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn akọni wọn sí. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìwé tuntun jáde ni iléeṣẹ́ náà kéde pé òun máa fi ọfọ̀ àti ohun ìjà abàmì ti ọdún 2024 rọ́pò ti 2014 nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Haà! Ohun téèyàn fowó rà? Ìtàn tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ṣé àárín ẹ̀ ni òfin á ti yí pa dà mọ́ wọn lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iléeṣẹ́ náà gbà pé àwọn ò ro ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí dáadáa, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbi tó wà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé ẹ̀dà kẹta jáde, nígbà tó fi máa di 2003, wọ́n ti tẹ òmíràn tí wọ́n tún ṣe, àwọn èèyàn tún ń dáwó. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, wọ́n fẹ́ẹ́ yí ìwé àṣẹ táwọn òǹkọ̀wé mìíràn fi ń lo òfin eré náà pa dà. Àwọn oníbàárà ní àwọn ò sanwó oṣooṣù mọ́, àwọn ọ̀gá sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà kí oṣù tó parí.

Ohun tá a rí fà yọ níbẹ̀ ò le. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ara ẹ̀, kó sọ ọ́ síta, kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, aráyé á kí i. Ṣùgbọ́n kó fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tó rajà. Ẹni tó bá ní ìwé alábala, tó sì gba àtúnṣe ọfọ̀ oṣó yẹn wọlé, kó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á, kò sí ọlọ́pàá tó máa wá mú un. Olùdarí tó jókòó síwájú tábìlì ló máa sọ èyí tí wọ́n á tẹ̀ lé lálẹ́ ọjọ́ náà.