Láti Ìdí-Òro dé Broadway: Bí Ìtàn Fẹlá Ṣe Di Eré Orí Ìtàgé

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Jíbówú, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ti ń pe èrò láti ìdájí, tó wá gba Agége Motor Road lọ síhà Ìdí-Òro, kò ní í rìn jìnnà kó tó dé àdúgbò Empire, níbi tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, Abàmì Ẹ̀dá, ti máa ń kọrin mọ́jú ní Shrine rẹ̀ láyé ijọ́un. Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Kalakuta, ilé rẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé, 1977, lọ́jọ́ tí wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, akọni obìnrin Abẹ́òkúta, láti ojú fèrèsé. Ìtàn pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kì í dédé di eré orí ìtàgé, pàápàá eré tí àlejò yóò yọ owó lápò láti wò.

Àwọn ará Èkó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ kó ṣe eré tí wọn yóò fi wá owó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe eré náà ní Glover Hall ní oṣù Òkúdù, 1944. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, Ògúndé ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì ti ń kó ẹgbẹ́ òṣèré tí ń gba owó iṣẹ́ jọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré: ẹni tó ń ṣeré fún ṣọ́ọ̀ṣì lè gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ṣì pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìyá ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ Fẹlá, ní tirẹ̀, òkè òkun ló ti di eré. Stephen Hendel, oníṣòwò kan ní New York, ló gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tí orin náà wọ̀ ọ́ lára, tó sì tọ Bill T. Jones, àgbà oníjó, àti Jim Lewis, òǹkọ̀wé, lọ. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Orin Fẹlá kan ṣoṣo lè gba odindi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù, ayé rẹ̀ sì kún ju ohun tí alẹ́ kan lè gbà lọ. Ohun tí wọ́n ṣe, tí mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ni pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sìn ín dé ibojì: alẹ́ kan ní Shrine, ní 1978, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, ni wọ́n dì mú, tí ẹ̀wọ̀n àti iná àti ọ̀fọ̀ fi ń gba inú orin àti ijó wọlé bí Fẹlá ti ń bá èrò sọ̀rọ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí 37 Arts ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2008, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìṣeré tí àga wọn kò tó 500, níbi tí olùdarí ti lè wo ojú èrò, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń yán àti ibi tí ara wọn ti ń yá. Wọ́n gé e, wọ́n tún un tò. Owó sì ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere: Jay-Z olórin àti Will Smith òṣèré dara pọ̀ mọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Bélú 2009, ó wọ Eugene O'Neill, ilé ìṣeré Broadway tó gba èrò tó lé ní 1,000. Ipa Fẹlá wúwo débi pé Sahr Ngaujah àti Kevin Mambo ń gbà á ṣe lọ́wọ́ ara wọn ni.

Ẹ wo ibì kan nínú rẹ̀. Fẹlá yóò ní kí gbogbo èrò dìde, kí wọ́n fi ìdí ṣe ọwọ́ aago, kí wọ́n jù ú sí agogo méjìlá, kí wọ́n yí i sí agogo mẹ́ta, àwọn òyìnbó tó wọ kóòtù á sì máa yídìí bí wọ́n bá ṣe mọ̀ ọ́n yí. Ẹ̀rín ni lójú, ṣùgbọ́n ètò líle ló wà nídìí rẹ̀, nítorí ẹni tó ti dìde jó ní ilé Fẹlá kò lè padà jókòó bí àlejò nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà bá dé. Àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta ni eré náà gbà ní 2010, fún ijó, aṣọ àti ìró. Kò sí ti òǹkọ̀wé níbẹ̀, ìdájọ́ náà kò sì burú lójú tèmi.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní oṣù Igbe 2011 eré náà dé Èkó, Victoria Island ló sì sọ̀ sí. Àwọn òṣèré tó ti ń kọ́ èrò New York bí a ti ń gbe orin wá bá èrò tó mọ orin náà jù wọ́n lọ, tó ń dáhùn kí a tó pè é. Àléébù tí mo rí sí i ni pé àwọn obìnrin 27 tí Fẹlá gbé níyàwó lọ́jọ́ kan ní 1978 ń jó ṣáá ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tó di 2017, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé Fela and the Kalakuta Queens jáde ní Èkó, ó sì fi ìtàn náà lé àwọn obìnrin ọ̀hún lọ́wọ́.