Geocaching: Irú ike wo ni òjò Kumasi kò ní wọ inú rẹ̀?

Bí ẹnìkan bá fi ìwé pélébé sínú ike, tó gbé ike náà pamọ́ sí ìdí igi kan ní Kumasi nínú oṣù Kejì, tó sì padà síbẹ̀ nínú oṣù Keje, ọwọ́ ọmọrí ike náà ni ohun tí yóò bá níbẹ̀ wà. Bí ọmọrí bá há dáadáa, yóò bá ìwé rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí kò bá há, ìwé tó ti di ẹ̀kọ ni yóò bá.

Ọ̀rọ̀ ọmọrí yìí kò kéré rárá lójú àwọn tó ń ṣe eré àwárí tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ní ìlú tí òjò pọ̀ sí, tí èrò sì pọ̀ sí bíi Kumasi, ike tí ènìyàn bá yàn ni yóò sọ bóyá eré náà yóò jẹ́ ìgbádùn tàbí yóò di wàhálà fún aládùúgbò.

Kí ni geocaching?

Eré náà jọ bojúbojú tí àwọn ọmọdé ń ṣe, àmọ́ nǹkan ni wọ́n ń fi pamọ́ níbí, kì í ṣe ènìyàn. Ẹnìkan yóò gbé ike kan pamọ́, yóò sì kọ òǹkà tó ń tọ́ka sí ojú ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn yóò fi fóònù tàbí ẹ̀rọ GPS wá a lọ. Ẹni tó bá rí i yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú ike, yóò sì dá a padà síbi tó ti mú un gan-an.

Ọjọ́ Kejì, oṣù Karùn-ún, ọdún 2000 ni ìjọba Ààrẹ Bill Clinton ní Amẹ́ríkà dẹ́kun dída àmì GPS tí àwọn aráàlú ń lò rú. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni Dave Ulmer gbé garawa ike dúdú kan pamọ́ nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, tó sì kéde ibi tó wà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti agolo ẹ̀wà kan wà lára ohun tó kó sínú rẹ̀. Lónìí, irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ tó wà káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, àmọ́ kò sí ẹni tí òfin eré náà tún gbà láàyè láti fi oúnjẹ sínú ike.

Báwo ni omi ṣe ń wọ inú ike tí wọ́n ti dé?

Àkókò òjò méjì ló máa ń wà ní Kumasi lọ́dọọdún. Èyí tó gùn jù máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta títí di oṣù Keje, oṣù Kẹfà ló sì máa ń le jù. Èkejì máa ń wáyé nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé pẹ̀lú eruku rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Síbẹ̀, kì í ṣe omi tó ń rọ̀ láti òkè nìkan ni ọ̀tá ike. Bí oòrùn bá ń pa á, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò fẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì gba etí ọmọrí jáde. Bí òjò bá ṣú dé lójijì, ike náà yóò tutù, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò sì súnkì. Ìgbà yìí ni yóò fa omi tó dúró sí etí ọmọrí wọlé, bí ẹni tó ń fi ẹnu fa omi. Ìdí nìyí tí ike tí kò jò nínú ilé fi lè gba omi sínú nígbó.

Ọ̀nà mìíràn tí omi ń gbà wọlé ni ọ̀rinrin. Ẹni tó bá ṣí ike lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin ló dé mọ́ inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin náà yóò di omi lára ike, yóò sì kán sórí ìwé.

Èwo ló yẹ, èwo ni kò yẹ?

Ìlànà eré náà pín ike sí oríṣiríṣi ìwọ̀n. Èyí tó kéré jù kì í gba tó 100 mìlílítà. Èyí tí wọ́n ń pè ní kékeré ń gba láti 100 mìlílítà títí dé lítà 1. Nínú ìwọ̀n méjèèjì yìí, àwọn tí wọ́n sábà máa ń lò nìyí:

Ike oúnjẹ elétí mẹ́rin: Èyí ni ike tí ọmọrí rẹ̀ ní etí mẹ́rin tí wọ́n ń há mọ́ ọn lára, tí rọ́bà rírọ̀ sì yí ọmọrí náà po nínú. Rọ́bà yìí ló ń dí ọ̀nà omi. Irun orí kan ṣoṣo tàbí yanrìn díẹ̀ lórí rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi rí ọ̀nà wọlé. Ibi tó dára jù fún un ni abẹ́ ìbòòji, nítorí oòrùn máa ń jẹ́ kí ike gan, tí etí rẹ̀ yóò sì kán.

Ìgò tí wọn kò tíì fẹ́: Kí ìgò omi tó di ìgò, ọ̀pá ike kékeré tó nípọn ni, tó ti ní ẹnu tí wọ́n ń dé ọmọrí sí. Ilé iṣẹ́ ni yóò mú un gbóná, tí wọn yóò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi wú di ìgò. Àwọn òṣèré geocaching fẹ́ràn ọ̀pá yìí gan-an, nítorí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti dá gáàsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúró. Ìwé tí wọ́n ká róbótó nìkan ló lè gbà.

Agolo fíìmù kámẹ́rà: Ọ̀pọ̀ ló ti lò ó, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ àti eruku ni wọ́n ṣe é láti dí. Kì í pẹ́ kí omi tó wọ inú rẹ̀.

Ike oògùn àti agolo mílíìkì: Ọmọrí ike oògùn kì í sábà ní rọ́bà. Agolo máa ń dógùn-ún, bí òórùn oúnjẹ bá sì kù nínú rẹ̀, eku àti èèrà yóò ṣáájú ènìyàn débẹ̀. Ìgò dígí ní tirẹ̀ lè fọ́, kó sì ya ọmọdé lọ́wọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò?

Gbé bébà ìnulẹ̀ gbígbẹ àti òkúta kékeré kan sínú ike, kí o sì há ọmọrí rẹ̀. Jẹ́ kí oòrùn pa á fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà rì í sínú garawa omi tútù di ọjọ́ kejì. Bí bébà náà bá gbẹ síbẹ̀, ike náà yè. Bí ó bá rin, wá òmíràn.

Bí ike bá tilẹ̀ dára, ó yẹ kí ìwé inú rẹ̀ wà nínú ọ̀rá tó ṣeé dé lẹ́nu. Pẹ́ńsù sàn ju bírò lọ, nítorí omi kì í fọ àmì rẹ̀ dànù. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun náà wúlò, torí ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Ike tó lè dẹ́rù ba ará ìlú

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yin àpótí irin tí àwọn ológun ń kó ọta ìbọn sí, nítorí omi kì í wọ̀ ọ́. Láàárín ìgboro, ìbẹ̀rù ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ yóò dá sílẹ̀. Ike kékeré pàápàá ti fa ìbẹ̀rù rí. Ní ọdún 2011, ní Wetherby ní àríwá England, wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni ìpamọ́ kan tó wà lójú pópó, àwọn ológun sì fọ́ ọ túútúú.

Nítorí náà, ike tí inú rẹ̀ hàn kedere, tí wọ́n kọ ohun tó wà fún sí lára ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Twi, ló dára jù ní ìlú bíi Kumasi. Ibi tí èrò ti ń wọ́ bíi ọjà Kejetia kò yẹ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ibùdó ológun. Dandan sì ni kí onílẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé ohunkóhun síbẹ̀.

Ilẹ̀ Àṣáńtì ní èèwọ̀ tirẹ̀

Òfin geocaching kò fàyè gba kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láti ri ike mọ́lẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀. Èyí bá àṣà Àṣáńtì mu, níbi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Asase Yaa, tí wọn kì í sì í dáko lọ́jọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ rẹ̀.

Adágún Bosomtwe, tó wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kumasi, tún gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta ńlá láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, àwọn Àṣáńtì sì gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí òkú ti ń dágbére fún òrìṣà wọn. Ní àṣà, irin kò gbọdọ̀ kan omi náà. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń gun pákó pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní padua. Ẹni tó bá gbé àpótí irin lọ sí etí omi náà ti tẹ èèwọ̀ ìlú lójú kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Kò sí ike tí kò ní gbó. Èyí tí ọmọrí rẹ̀ ti ṣí, tí kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, yóò gba omi òjò dúró. Etí irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti dengue kiri, ti máa ń yé ẹyin. Bí àgbàrá bá sì gbé e lọ, yóò kún àwọn ike tó ń dí gọ́tà.

Ìdí nìyí tí ìlànà eré náà fi béèrè pé kí ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ máa padà lọ wò ó. Àlejò tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Kumasi lè wá ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́. Àmọ́ ẹni tí yóò wà nílé nígbà tí òjò oṣù Kẹfà bá dé ni gbígbé ike pamọ́ tọ́ sí.