Kí Adìẹ Tó Gbà Pé Ilé Tuntun Nilé

Àwọn àgbà ní adìẹ tó bá dé ibùgbé tuntun, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Ní Etikan, tí í ṣe ọ̀kan nínú ìjọba mẹ́rin ilẹ̀ Ìlàjẹ pẹ̀lú Ugbò, Màhìn àti Ahẹrì, ọ̀rọ̀ yìí kọjá òwe. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní bèbè Ìlàjẹ. Àyétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú omi. Ìdílé tó bá kó kúrò níwájú òkun yóò kó adìẹ rẹ̀ dání. Lókè ilẹ̀, adìẹ tó bá ṣìnà yóò sùn sórí igi aládùúgbò. Níbi tí afárá pákó ti jẹ́ ọ̀nà, omi ló ń dúró dè é, owó ẹyin tí ìyàwó ilé ń retí yóò sì bá a lọ.

Kì í ṣe agídí ló ń mú adìẹ padà sí ilé àtijọ́. Inú igbó Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń sùn lórí igi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ibi tó mọ̀ ni yóò wá lọ, torí kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Àìríran yìí kan náà ni ẹ ó fi ràn án lọ́wọ́: alẹ́ ni kí ẹ kó o. Ẹ rọra gbé e lórí ibi tó bà lé, kí ẹ sì gbé e sórí igi nínú ilé tuntun. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ sé e mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí kan náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń fi àgò bo adìẹ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tàbí kí wọ́n so ó lẹ́sẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Omi òjò tàbí omi kànga tí kò níyọ̀ ni kí ó máa mu, nítorí iyọ̀ omi òkun lè pa á.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nítorí náà, igi tí yóò bà lé kò gbọdọ̀ máa mì. Kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí adìẹ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Bí ilé adìẹ bá wà lórí òpó lójú omi, ẹ di gbogbo àlàfo ilẹ̀ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ lè bọ́ sí, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ máa wọlé lókè.

Bí ẹ bá ń da àlejò pọ̀ mọ́ onílé, ìjà yóò wà. Ní ọdún 1922, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ Nọ́wè, kọ̀wé pé ipò ló wà láàárín adìẹ: ẹni tí yóò fi ẹnu sọ ẹlòmíràn, àti ẹni tí yóò gbà á mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní àrùn Newcastle, kò ní oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò pàtàkì. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn láti ẹ̀yìn àwọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn láàárín wọn. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ sí ju ibì kan lọ, kí ẹni tí a ń sọ lè rí jẹ.

Ẹyin lè dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ pa adìẹ jẹ. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá pé, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí oòrùn wọ̀, kí ẹ sì da àgbàdo sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò ní lè rìn jìnnà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ka wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Ní ọjọ́ tí iye wọn bá pé láìjẹ́ pé ẹ lé ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi dúró yẹn.