Ẹ yẹ ìlẹ̀kùn mọ́tò yín wò, kó má baà há ọmọ tàbí àgbà mọ́nú

Ẹ̀yin òbí àti àgbà wa ní Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí mọ́tò bá ti wọ́n, kò ní í ní àléébù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń lo mọ́tò oníná olówó gọbọi, ìyẹn èyí tí kì í mu bẹntiróòlù, tó jẹ́ bátìrì ló ń gbé e rìn, ń ráhùn gidi ní Amẹ́ríkà. Ìlẹ̀kùn àti páànù ara ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ Tesla kéde pé kí wọ́n dá Cybertruck 46,096 padà fún àtúnṣe, torí pé páànù irin kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé rẹ̀ lè já bọ́ lórí eré. Ẹ wo ohun tí irú páànù bẹ́ẹ̀ lè fojú ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí.

Èyí tó kan òbí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí nǹkan bíi 174,000 Tesla Model Y ti ọdún 2021. Tí iná bátìrì tó ń ṣílẹ̀kùn bá ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó wà níta kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn òbí kan fẹ́ gbé ọmọ wọn níjòókòó ẹ̀yìn, ìlẹ̀kùn kọ̀ jálẹ̀. Gíláàsì làwọn mìíràn fọ́ kí wọ́n tó rí ọmọ gbé.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Tòkunbọ̀ là ń gùn." Ó kàn wá dáadáa. Lára tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, àwọn kan ti ní ìjàǹbá rí, wọ́n kàn lù wọ́n, wọ́n sì kùn wọ́n ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi kí dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀ kó tó lè ṣílẹ̀kùn láti ìta.

Bẹ́ẹ̀, ooru kì í dúró de dẹ́rẹ́bà. Tí mọ́tò bá wà nínú oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú rẹ̀ lè fi nǹkan bíi ìwọ̀n 11 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara ọmọdé sì ń yára gbóná ní ìlọ́po 3 sí 5 ju ti àgbàlagbà lọ. Àwọn arúgbó wa náà kì í lè fara da ooru bíi ti ọ̀dọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

Kí ẹ tó ra mọ́tò, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ tì í, kí ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan látinú. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ pe rẹ́wáyà tàbí mẹkáníìkì yín.

Ẹ wo bọ́tìnnì kékeré tó wà létí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣí i látinú. Ó dára fún ọmọ, àmọ́ tó bá jẹ́ màmá àgbà ló jókòó síbẹ̀, ẹ yí i padà.

Kọ́kọ́rọ́ irin máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, torí ọjọ́ tí bátìrì bá kú.

Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ìbáà jẹ́ dòdò Ìkirè lẹ fẹ́ sáré rà tàbí ọjà Àpòmù lẹ fẹ́ yà sí.

Tí èèyàn bá há, ẹ ké sí àwọn tó wà nítòsí, kí ẹ sì pe 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ fọ́ gíláàsì tó jìnnà sí i jù. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tútù nu ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu.

Owó gíláàsì kò tó owó ẹ̀mí o.